Òórùn Inú Àgbàlá Sàfúrátù

Láti Ẹ̀jìgbò títí dé Ọlà, kò sí irú igi tí ó wà ní àgbàlá Sàfúrátù. Ó ga ju òrùlé ilé lọ, ara rẹ̀ ń dán, ewé rẹ̀ sì là sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ìka ọwọ́. Igi ọ̀bùn ni, kí a má parọ́. Bí kò bá da ewé sílẹ̀ lónìí, yóò da ẹ̀ka wẹ́wẹ́ sílẹ̀ lọ́la. Afeezat, ìyàwó Mùtàlíbù ọmọ Sàfúrátù, ni ó ń gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀ láràárọ̀. Bí ó bá ti gbá a tán tí ó na ẹ̀yìn, igi náà á tún da tuntun síwájú rẹ̀, bí ẹni tí ó ń bá a ṣeré.

"Màmá, ṣé igi yìí ò ní í pa mí báyìí?" ni Afeezat máa ń wí.

"Bàbá yín ló gbìn ín," ni Sàfúrátù máa ń dá a lóhùn, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

Bàbá tí ó ń wí ni Tàjùdíìnì, ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé. Bí ọ̀pọ̀ ará Ẹ̀jìgbò, Àbíjàn ni àwọn méjèèjì ti lo ìgbà èwe wọn. Tàjùdíìnì ń ránṣọ ní àdúgbò Àjàmé, Sàfúrátù ń ta ẹja yíyan ní ọjà ibẹ̀. Irú igi yìí kan wà nínú ọgbà ilé iṣẹ́ ńlá kan lójú ọ̀nà ilé wọn. Bí èso rẹ̀ bá gbó, yóò bẹ́ gbàù, kóró dúdú inú rẹ̀ á fọ́n kọjá ògiri, wọn á ṣà á, wọn á yan án, wọn á jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà. Tàjùdíìnì fẹ́ràn rẹ̀ kọjá àlà. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀ lọ́hùn-ún tí kálukú ń sá bọ̀ wálé, àwọn kan gbé fíríìjì wá, àwọn kan gbé ẹ̀rọ ìránṣọ. Tàjùdíìnì gbàgbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kóró igi kún àpò ṣòkòtò rẹ̀. Sàfúrátù kò yé fi ọ̀rọ̀ náà bú u títí ó fi kú.

Ọ̀kan ṣoṣo ni ó hù nínú àwọn kóró náà. Tàjùdíìnì pọn omi sí i títí, ó ṣọ́ ọ títí, igi ga, igi tóbi, kò tanná, kò so. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà lọ láìjẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, kò sí ẹnì kan ní Ẹ̀jìgbò tí ó ti rí òdòdó igi yìí rí, kódà Sàfúrátù tí ó gbé Àbíjàn kò rí i rí, nítorí inú ọgbà ni òdòdó máa ń já bọ́ sí, ìta ògiri sì ni òun ti máa ń ṣa kóró.

Ohun kan tún wà tí Sàfúrátù kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Imú rẹ̀ ti kú. Ní ìgbà kòrónà, ọ̀fìnkìn kan mú un tí ó dá a dùbúlẹ̀. Ara rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n òórùn kò padà wá. Ó fi imú sí irú, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó fi sí kẹrosíìnì, bí omi lásán. Kò sọ ọ́ síta nítorí òun ni ó ń se ọbẹ̀ ilé. Bí Afeezat bá gbọ́ pé ìyá ọkọ òun kò lè mọ̀ bí ọbẹ̀ bá ń jóná, yóò kúnlẹ̀, yóò bẹ̀ ẹ́, yóò sì fi gbogbo ọ̀wọ̀ gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀. Gbígbà náà ṣì ni. Sàfúrátù bá ń fi ojú se ọbẹ̀, ó ń fi ahọ́n tọ́ ọ wò, kò sì sí ẹni tí ó fura.

Ní oṣù Ṣàábánì tí ààwẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ọyẹ́ ń palẹ̀ mọ́, igi náà wọ́wé pátápátá. Kò pẹ́ sí i ni òdòdó wẹ́wẹ́ bo gbogbo ẹ̀ka rẹ̀, pupa ràkọ̀ràkọ̀ tí ó dà bí ẹ̀jẹ̀ tó gbẹ. Nígbà tí Sàfúrátù rí i, ó kígbe "Allāhu Akbar!", omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní igi ọkọ òun yóò so wàyí. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, yóò tẹ́ ẹní sí ìdí igi, yóò fẹ̀yìn tì í, yóò máa ja tẹ̀súbáà. Òdòdó a máa já bọ́ sórí ìborùn rẹ̀, a máa wọ inú ìṣẹ́po ìró rẹ̀. Kì í gbọ̀n ọ́n dànù. Ó ń gbádùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín báyìí, kí ẹ má bàa bá wọn rìn nínú òkùnkùn. Òdòdó náà ń rùn. Òórùn rẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn lè fura pé ó ti ara igi wá rárá. Bí ilé ìgbẹ́ tí wọn kò da omi sí ni, bí aṣọ tí ọmọ tọ̀ sí tí wọ́n ká jọ sí kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó bá wọ àgbàlá, ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wò. Bí bàtà bá mọ́, yóò wò yí ká. Kí ni yóò sì rí? Ìyá àgbàlagbà kan ni, tí ó ti jókòó sí ojú kan láti òwúrọ̀. Ta ni ó máa ń gbójú sókè wo igi nítorí òórùn ìgbẹ́?

Èmi kò dá wọn lẹ́bi pé wọ́n ṣì í. Ohun tí ó ń bí mi nínú ni pé gbogbo wọn ṣì í pa pọ̀, kò sì sí ẹnì kan tí ó la ẹnu.

Ẹni tí Sàfúrátù kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni Wàhábì mẹkáníìkì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí ilé wọn. Abẹ́ igi yìí ni Wàhábì ti ń jẹun ọ̀sán láti ìgbà tí ó ti gba fúrídọ̀mù. Ṣàdédé ni ó gbé abọ́ rẹ̀ lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan, ó ń jẹ ẹ́ nínú oòrùn.

"Wàhábì, ṣé mo ṣẹ̀ ọ́ ni?"

"Rárá o, Màmá. Ọkọ̀ yìí ni mò ń ṣọ́."

Ọkọ̀ tí kò ní táyà, tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí òkìtì erùpẹ̀ gbé sókè. Sàfúrátù wo ọkọ̀, ó wo Wàhábì, ọ̀rọ̀ náà kò yé e.

Ó tún kan Khàdíjàt, ọmọ Afeezat, tí kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Ọmọ náà ń bọ̀ wá dì mọ́ ìyá àgbà rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ó sún mọ́ ọn tán, ó bá fi ọwọ́ bo imú. Kíá ni Afeezat gbá a lọ́wọ́, ó fà á wọlé. Sàfúrátù gbọ́ tí ó ń bá ọmọ náà wí nínú ilé, ṣùgbọ́n kò gbọ́ ohun tí ó ń wí. Ó rò pé bóyá ọ̀fìnkìn ni ó ń ṣe ọmọ náà. Ó tilẹ̀ sọ pé kí wọ́n fi àdí pa á láyà.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀bùn bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. Kàdíjà àgbà, ọ̀rẹ́ Sàfúrátù láti Àbíjàn, tí ó jẹ́ Ìyá Àdínnì ẹgbẹ́ àsàlátù wọn, gbé ọṣẹ olóòórùn dídùn àti tùràrí wá. Obìnrin mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà gbé ọṣẹ wá. Òmíràn gbé lọ́fínńdà. Mùtàlíbù, ọmọ rẹ̀ tí ó ń ṣòwò ní Àbíjàn, fi lọ́fínńdà ńlá kan rán awakọ̀ sí i, èyí tí igo rẹ̀ rí bí fìtílà. Inú Sàfúrátù dùn ní àkọ́kọ́. Ó rò pé nítorí ààwẹ̀ ni. Nígbà tí ọṣẹ kún orí tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àbí wọ́n ti bá òun wá ọkọ ni wọn kò tíì sọ fún òun. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ nínú jígí, ó sì fi díẹ̀ nínú lọ́fínńdà náà ra ọrùn. Ṣé bí omi ni ó ṣe rí fún un, ó bá dà á sára gan-an, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tí ó jáde, òórùn méjì ni ó wà lábẹ́ igi dípò ẹyọ kan.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ó rí láílọ́ọ̀nù dúdú kan ní ẹsẹ̀ ibùsùn rẹ̀. Afeezat ni ó rọra gbé e síbẹ̀. Sàfúrátù tú u. Pámpáàsì ni ó wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí irú ọmọ tí ó lè wọ irú pámpáàsì báyìí rí. Ó nà án gùn, ó nà án fẹ̀, ó yí i wò. Ó dìde dúró, ó fi wé ìdí ara rẹ̀. Ó bá a mu wẹ́kú.

Ó jókòó sórí ibùsùn. Gbogbo rẹ̀ bá tò sí i lójú lẹ́ẹ̀kan náà: Wàhábì nínú oòrùn, ọwọ́ Khàdíjàt lórí imú, ọṣẹ, tùràrí, igo tí ó rí bí fìtílà. Ojú tì í bí ẹni pé ìhòòhò ni ó wà ní àárín ọjà.

Ó fi ọwọ́ kan ìró rẹ̀. Ó gbẹ. Ó fi ọwọ́ kan ibùsùn. Ó gbẹ. Ṣùgbọ́n kí ni ọwọ́ mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ òórùn? Àwọn tí imú wọn pé ní òun ń rùn, òun tí kò nímú ní òun kò rùn. Ta ni kí òun gbà gbọ́? Orí rẹ̀ dàrú. Bóyá ó ń já sílẹ̀ lára òun láìmọ̀, bí omi ṣe ń jò nínú kẹ́ẹ̀gì tó lu. Bóyá awọ ara òun náà ti kú bí imú, tí kò mọ ohun tí ó tutù mọ́.

Láti ìgbà náà ni kò ti ní ìsinmi mọ́. Ó wẹ̀, ó tún wẹ̀. Ó ṣe àlùwàlá, ó dìde fún ìrun, ó ṣiyèméjì, ó padà lọ ṣe òmíràn. Nígbà mìíràn, wọn á ti kírun tán ní mọ́sálásí kí òun tó fọ ẹsẹ̀ parí. Ó dẹ́kun omi mímu kí nǹkan kan má bàa wà nínú rẹ̀ tí yóò já. Ètè rẹ̀ bó. Síbẹ̀, bí ó bá jáde sábẹ́ igi, àwọn ènìyàn á tún yẹra. Bí ó ti ń wẹ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jìnnà sí i. Kò yé e rárá.

Ó lọ bá Àáfà Ràmọ́nù ní ẹ̀yìn ìrun Àsárì. Ó ní ọ̀rẹ́ òun kan ni, ará Ìsúndúnrin, tí ìtọ̀ ń já lára rẹ̀ láìmọ̀. Ṣé ìrun irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbà?

"Kí ó ṣe àlùwàlá fún ìrun kọ̀ọ̀kan, ó tó," ni Àáfà wí. "Ọlọ́run ò ni ẹ̀dá lára. Kí ó má dààmú ara rẹ̀."

Ó wò ó pẹ̀lú àánú bí ó ti ń sọ ọ́. Àánú náà ni ó pa Sàfúrátù. Bí Àáfà bá ti gbọ́, ta ni kò gbọ́ ní Ẹ̀jìgbò? Àáfà kò sì gbọ́ nǹkan kan. Ojú ọkùnrin náà ni ó rí bẹ́ẹ̀ láti kékeré, ojú ẹni tí ó ń kẹ́dùn ni Ọlọ́run fún un.

Nígbà tí ó padà délé, ó gbọ́ ohùn Afeezat nínú ilé ìdáná. Ó ń bá Mùtàlíbù sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó sì gbé e sí gbangba nítorí pé ó ń gé ẹ̀fọ́.

"Bàbá Khàdíjàt, mi ò lè sọ ọ́. Ṣé èmi ni màá kojú màmá yín pé wọ́n ń rùn?"

"Mi ò ní kí o sọ ọ́," ni ohùn Mùtàlíbù dáhùn. "Títí màá fi ráyè wá gbé wọn lọ rí dókítà, má jẹ́ kí wọ́n jókòó síta mọ́. Kí wọ́n máa wà nínú yàrá. Mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi ìyá mi ṣe ẹlẹ́yà."

Sàfúrátù dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kí òun máa wà nínú yàrá. Òun tí ó jẹ́ pé ìta ni òun ti fi gbogbo ayé òun ṣe, nínú èéfín ẹja, nínú ariwo ọjà, láàárín ènìyàn. Abẹ́ igi yẹn ni ẹgbẹ́ àsàlátù ti ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Àìkú láti ìgbà tí Tàjùdíìnì ti kú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ wàásù ní gbogbo oṣù ààwẹ̀. Bí wọ́n bá ti òun mọ́lé, kí ni ó kù tí òun ń jẹ́?

Bí ẹni pé èyí kò tó, Kàdíjà wá ní ọjọ́ kejì. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò jókòó.

"Sàfú, bọ́n, ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá," ni ó wí. Bí ìdààmú bá ti mú Kàdíjà, Faransé a máa bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Wàásù ààwẹ̀ ọdún yìí, ilé mi la máa ṣe é sí. Ṣé o rí i pé igi rẹ ti wọ́wé, kò níbòòji mọ́."

Òótọ́ ni pé igi náà ti wọ́wé. Ìyẹn ni ó jẹ́ kí irọ́ náà ta Sàfúrátù jù.

"Kò burú. Màá máa bọ̀ nílé rẹ."

Kàdíjà wo ilẹ̀. "Sinmi díẹ̀ ná, Sàfú. Ara rẹ nílò ìsinmi."

Sàfúrátù kò sunkún níwájú rẹ̀. Ó ní kí ó kí àwọn ará ilé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó di aṣọ díẹ̀, ó sọ fún Afeezat pé òun ń lọ kí àbúrò òun ní ìlú Ara, ó sì gun ọ̀kadà lọ. Kò sọ ọjọ́ tí òun yóò padà, nítorí kò ní in lọ́kàn láti padà. Kí wọ́n tó ti òun mọ́lé, kí òun ti lọ. Ó jókòó jìnnà sí ẹ̀yìn ọlọ́kadà náà débi tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ níbi gegele.

Àbúrò rẹ̀ ní Ara ni Sùlàímọ́nù, àgbẹ̀ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mosúnmọ́lá ìyàwó rẹ̀ ni ó ń sọ ti àwọn méjèèjì. Obìnrin náà fò mọ́ Sàfúrátù, ó dì mọ́ ọn, ó gba ẹrù rẹ̀, ó sì bá a jókòó sórí ẹní kan náà tí èjìká wọn fi kan ara. Sàfúrátù sún. Mosúnmọ́lá tún sún tẹ̀lé e. Nígbà tí ó di ọ̀sán, ó sùn lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń han-run.

Èyí tún wá dà á láàmú ju ti Ẹ̀jìgbò lọ. Ṣé òun kò rùn mọ́ ni? Ṣé òórùn mọ ààlà ìlú ni? Àbí Mosúnmọ́lá kàn ń fara dà á nítorí pé òun jẹ́ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀? Nígbà tí kò lè pa á mọ́ra mọ́, ó bi í léèrè bí ẹni tí kò fi ṣe nǹkan kan:

"Mosún, ṣé o ò gbọ́ òórùn kan níbí?"

Mosúnmọ́lá fa imú. "Mo gbọ́ ọ o, Ìyá wa."

Sàfúrátù tún sún sẹ́yìn.

"Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ fún láfún ni, ó wà lẹ́yìn ilé. Ẹ má bínú, òní la máa kó o jáde nínú omi."

Sàfúrátù mi kanlẹ̀, kò mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ tàbí kí òun bẹ̀rù. Bí gbogbo ilé bá ń rùn ẹ̀gẹ́, ta ni yóò mọ ti òun? Kò yé e síbẹ̀, ṣùgbọ́n òǹgbẹ gbẹ ẹ́, Mosúnmọ́lá sì gbé omi tútù síwájú rẹ̀. Ó mu ún tán, ó bèèrè òmíràn. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti ń bá wọn bó ẹ̀gẹ́, ó ń bá wọn rojọ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Bí ó bá ti ku òun nìkan, ọkàn rẹ̀ á tún padà sábẹ́ igi ní Ẹ̀jìgbò, ojú á sì tún tì í.

Ọ̀sán kan tí oòrùn mú gan-an, tí gbogbo wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́ láti òwúrọ̀, ọkọ̀ kan tí ń wúkọ́ dúró níwájú ilé. Wàhábì ni ó wà á, ọkọ̀ oníbàárà sì ni, èyí tí ó yẹ kí ó ṣì wà lórí jáàkì. Afeezat àti Kàdíjà bọ́ sílẹ̀ nínú rẹ̀. Afeezat kò kí ẹnikẹ́ni. Ó sáré wá, ó kúnlẹ̀ lé eruku níwájú ìyá ọkọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin kọ́. Igi ni."

"Igi kí ni?"

"Igi ló ń rùn. Nígbà tí ẹ lọ, mo fọ yàrá yín, mo fọ ẹní, mo sá ibùsùn síta. Òórùn ò lọ. Ó tún wá le sí i. Mo wá ní sàláńgá ló kún, mo pe Bọ̀dá Wàhábì kí wọ́n bá mi wò ó."

Wàhábì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀. Kò wo ojú Sàfúrátù. "Mo yẹ sàláńgá wò, Màmá, kò ní nǹkan kan. Ẹ̀ka kan gbá fìlà mi bọ́ níbi tí mo ti ń bọ̀, òdòdó kún inú rẹ̀. Mo kàn dé e padà sórí ni. Wàlàhí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bì. Ibẹ̀ ni mo ti gbójú sókè."

Kàdíjà tú láílọ́ọ̀nù kan tí ó dì mọ́ ọwọ́. Òdòdó pupa ràkọ̀ràkọ̀ ni ó kún inú rẹ̀. Mosúnmọ́lá tí ó wà ní ìdí ẹ̀gẹ́ sáré bo imú, ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí lẹ gbé wá bá wa?"

Sàfúrátù gba láílọ́ọ̀nù náà. Ó ki imú bọ̀ ọ́, ó fà á sínú títí èémí rẹ̀ fi kún. Kò gbọ́ nǹkan kan. Gbogbo wọn ń wò ó pé kí ó bo imú, kí ó kígbe, kí ó ní háà. Ó gbé ojú sókè, ó sì rí i pé òun kò lè sá fún un mọ́.

"Imú mi ti kú," ni ó wí. "Láti ìgbà kòrónà. Mi ò gbọ́ òórùn kankan."

Ẹnu ya Afeezat. "Màmá! Ọbẹ̀ tí ẹ ń sè ńkọ́?"

"Ojú ni mo fi ń sè é."

Wàhábì bá dá sí i. "Ẹ má ṣèyọnu, Màmá. Mo ti bá ọ̀rẹ́ mi kan sọ̀rọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì ìgégi. Lọ́la la máa wó o lulẹ̀. Kò ní dójú tì yín mọ́."

Inú bá bí Sàfúrátù. "Ẹ wó kí ni? Kí ni igi ṣe fún mi? Igi ò lẹ́nu, Wàhábì! Kò lè wí pé, 'Sàfúrátù, èmi ni mò ń rùn, ìwọ kọ́.' Ẹ̀yin lẹ lẹ́nu. Ìwọ lẹ́nu, o gbé abọ́ rẹ lọ sínú oòrùn. Kàdíjà lẹ́nu, ọṣẹ ló fún mi. Mo ní ọmọ tí mo bí, lọ́fínńdà ló rà fún mi, ó ní kí wọ́n tì mí mọ́lé. Ẹ ò lè pè mí sí kọ̀rọ̀? Ẹ ò lè ní, 'Màmá, báyìí báyìí là ń gbọ́ o'? Mi ò bá ti sọ pé mi ò nímú, ẹ ò bá sì ti gbójú sókè!"

"Ojú ló ń tì mí, Sàfú," ni Kàdíjà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Báwo ni màá ṣe sọ irú ẹ̀ fún ọ?"

Nínú ìbínú náà, iyèméjì tún ti wọlé sí Sàfúrátù lọ́kàn. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ni wọ́n ti ń fi ojú rere parọ́ fún òun láti ọjọ́ yìí wá. Ta ni ó mọ̀ bóyá wọ́n kàn já òdòdó lásán sínú láílọ́ọ̀nù kí wọ́n lè fi tu òun nínú ni? Mosúnmọ́lá bo imú, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n imú mélòó ni wọn kò ti bò lójú òun? Òun fúnra òun kò lè gbọ́ ara òun láéláé. Bí kò bá sí ẹnì kan ṣoṣo nínú wọn tí òun lè gbà gbọ́, kí ni òun ń padà sí Ẹ̀jìgbò lọ ṣe?

"Afeezat, sún mọ́ mi."

Afeezat fi orúnkún wọ́ wá.

"Fi imú sí mi lára. Ohun tí o bá gbọ́ ni kí o sọ. Bí o bá fi ọ̀wọ̀ parọ́ fún mi lónìí, ibí ni màá kú sí, mi ò ní í padà bá yín lọ."

Afeezat fi ojú sí ọrùn rẹ̀. Ó fi imú sí èjìká rẹ̀, sí àyà rẹ̀, ó tẹ̀ síwájú, ó gbọ́ ibi ìdí ìró rẹ̀. Kò kánjú. Nígbà tí ó gbé orí sókè, ó ní, "Ẹ̀gẹ́, Màmá. Ọwọ́ yín. Àdí sì wà lọ́rùn yín."

"Kí ló tún kù?"

Afeezat wo ilẹ̀.

"Mo ní kí ló tún kù?"

"Abíyá yín," ni Afeezat wí. "Òógùn ni. Ó ń rùn, Màmá."

"Afeezat!" Kàdíjà kígbe, ó nawọ́ bí ẹni fẹ́ bò ó lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n Sàfúrátù ti di Afeezat mú, ó fi orí rẹ̀ mọ́ àyà, ẹ̀rín àti omijé ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó tú u sílẹ̀, ó ní kí Mosúnmọ́lá bá òun pọn omi sí balùwẹ̀, ó sì sọ fún Wàhábì kí ó yí orí ọkọ̀ padà sí ọ̀nà Ẹ̀jìgbò, kí ó dúró de òun, òun ń lọ wẹ̀.